Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Tí Ń Pín Owó Ìwádìí: Ìlẹ̀kẹ̀ Tó Já Bọ́ Lára Eyín Kò Gbọdọ̀ Já Bọ́ Nínú Ìṣirò

Sí Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tí ń pín owó fún ìwádìí nípa ìlera eyín àwọn ọmọdé,

Ẹ̀yin àgbà wa, mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí ipò yín.

Ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò gùn. A béèrè owó láti fi ṣe ìdánwò lórí ohun èlò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ìlẹ̀kẹ̀, tí a máa ń lẹ̀ mọ́ eyín ọmọdé, kí ó lè máa tú fúlóráìdì, èròjà tó ń dáàbò bo eyín, sínú itọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún méjì, ẹ sì dá wa lóhùn pé ẹ kò lè fọwọ́ sí i nítorí pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ nípa rẹ̀ kò tó. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà pé ohun tí ẹ kọ gan-an nìyẹn. Ẹ̀rí tí kò tó yẹn la fẹ́ lọ wá. Bí àìtó ẹ̀rí bá di ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi ní í rí owó láti wá ẹ̀rí, a jẹ́ pé ẹ̀rí náà kò ní í tó láéláé: adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Mo kọ èyí sí gbangba nítorí pé ìpinnu yín kò kan àwa tí a béèrè owó nìkan. Ó kan àwọn òbí tí kò mọ̀ pé ẹnì kan jókòó níbì kan tó ń pinnu irú ìtọ́jú tí eyín ọmọ wọn yóò rí àti èyí tí kò ní í rí, ó sì tọ́ kí àwọn náà gbọ́ ohun tí a ń bá yín sọ.

1. Nípa ohun èlò náà fúnra rẹ̀. Mo fura pé àwọn kan nínú yín kà á sí ohun ìṣeré, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọdé bá jẹ ohun dídùn, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé nínú ìdọ̀tí ojú eyín á sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ásíìdì. Nígbà tí ibẹ̀ bá kan tó nǹkan bíi pH 5.5 (pH ni òdiwọ̀n kíkan; bó bá ṣe kéré tó ni kíkan náà ṣe ń pọ̀ tó), kálísíọ́mù àti fọ́sífétì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kúrò lára awọ líle tó bo eyín. Nígbà tí kíkan náà bá sì rọlẹ̀, itọ́ á máa dá wọn padà. Yíyọ́ àti ìdápadà yìí ń lọ lẹ́nu gbogbo wa lójoojúmọ́, ihò kì í sì í yọ àfi bí yíyọ́ bá borí fún ìgbà pípẹ́. Iṣẹ́ fúlóráìdì ni pé kí ó wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ kéré, lásìkò tí ìjà náà ń lọ: ó ń mú kí ìdápadà yá, ohun tó bá sì bá a dá padà máa ń le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, débi pé kíkan náà gbọ́dọ̀ tó bíi pH 4.5 kí ó tó lè yọ́ ọ.

Kí ó wà níbẹ̀: gbólóhùn yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dúró lé. Ọṣẹ ìfọyín ń gbé fúlóráìdì inú itọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí kan sí méjì, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti bá itọ́ lọ. Èyí tí dókítà eyín máa ń kùn sójú eyín lágbára gan-an, nítorí ó tó ìwọ̀n 22,600 nínú mílíọ̀nù kan, àmọ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kùn ún, a sì gbọ́dọ̀ rí ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún. Ọ̀nà méjèèjì dára. Ohun tí àwọn méjèèjì nílò ni kí ẹnì kan rántí, yálà òbí tó máa dúró ti ọmọ láàárọ̀ àti lálẹ́, tàbí òbí tó máa gbé ọmọ wá nígbà tí ọjọ́ bá pé. Àwọn ọmọ tí eyín wọn ń jẹrà jù lọ sì sábà máa ń jẹ́ àwọn tí kò sí ẹni tó ráyè rántí fún wọn. Èyí ni ohun tó mú kí àwọn onímọ̀ ronú pé bí ènìyàn kò bá lè rántí, kí eyín fúnra rẹ̀ máa gbé oògùn rẹ̀ kiri.

Ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1970, wọ́n fi ike pẹlẹbẹ kan ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́, tó gùn tó mìlímítà 8, tó fẹ̀ tó mìlímítà 3, tó sì nípọn tó mìlímítà 2. Hóró sodium fluoride, irú fúlóráìdì kan, wà ní àárín rẹ̀, awọ ike mìíràn sì bo òde rẹ̀ kí oògùn náà má bàa jáde lẹ́ẹ̀kan. Ó lè tú nǹkan bíi mílígíráàmù 0.02 sí 1 lójúmọ́, fún ọjọ́ tó lè tó 180. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ti gíláàsì. Inú gíláàsì náà gan-an ni fúlóráìdì wà, bí itọ́ sì ṣe ń yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ ni fúlóráìdì ń jáde, fún ọdún méjì. A máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ eyín ńlá àkọ́kọ́ tó wà lẹ́yìn ẹnu, ní apá tó kọjú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń pè é ní ìlẹ̀kẹ̀, orúkọ náà sì wọ̀ mí létí, nítorí ẹni tó bá mọ ìlẹ̀kẹ̀ mọ̀ pé okùn ni ìṣòro rẹ̀, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe rí roboto bí ìdajì bọ́ọ̀lù, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4, ó sì ń já bọ́ jù. Wọ́n sọ ọ́ di bíi kíndìnrín, tó gùn tó mìlímítà 6, tó fẹ̀ tó 2.5, tó sì ga tó 2.3. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún ṣe é pẹlẹbẹ, wọ́n sì fi í sínú ike tí a lẹ̀ mọ́ eyín, kí a lè yọ èyí tó bá tán kí a fi òmíràn sí i. Ìtàn ohun èlò yìí jẹ́ ìtàn bí a ṣe ń wá okùn tí kò ní í já.

2. Nípa ẹ̀rí. Ẹ ní kò tó, mo sì gbà pẹ̀lú yín. Àmọ́ ẹ̀rí tí kò tó nítorí pé a dán nǹkan wò tí kò ṣiṣẹ́ yàtọ̀ pátápátá sí ẹ̀rí tí kò tó nítorí pé a kò tọpa nǹkan náà dé òpin, ìwé yín kò sì fi ìyàtọ̀ kankan hàn láàárín àwọn méjèèjì.

Ìdánwò kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí. Leeds ni wọ́n ti ṣe é, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2005. Àwọn ọmọ 174, ọlọ́dún mẹ́jọ, tí ewu kí eyín wọn jẹrà pọ̀, ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì: apá kan gba ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó ní fúlóráìdì, apá kejì gba irú rẹ̀ tí kò ní fúlóráìdì. Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n ròyìn pé iye eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹrà fi ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lára àwọn tó gba fúlóráìdì, iye ojú eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹrà sì fi ìdá 76 dín kù. Ẹni tó bá gbọ́ èyí nìkan á fẹ́ sáré lọ ra ìlẹ̀kẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka àwọn ọmọ náà. Nígbà tí ọdún méjì pé, 132 nínú àwọn 174 ló ṣì wà nínú ìdánwò. Nínú àwọn 132 yìí, 63 péré ni wọ́n yẹ eyín wọn wò tí wọ́n sì fi ṣe ìṣirò, ìyẹn àwọn tí ìlẹ̀kẹ̀ wọn kò tíì já bọ́. Àwọn 69 yòókù wà láàyè, wọ́n ní eyín lẹ́nu, a sì mọ ibi tí wọ́n wà, ṣùgbọ́n nítorí pé ìlẹ̀kẹ̀ wọn ti já bọ́, àwọn náà já bọ́ nínú ìṣirò. Bí a bá fi àwọn tó ti kúrò tẹ́lẹ̀ kún un, ọmọ 111 nínú 174 ni àbájáde yẹn kò sọ nǹkan kan nípa wọn.

Mi ò sọ èyí láti bu àwọn tó ṣe ìdánwò náà kù. Ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ dáhùn ni bóyá fúlóráìdì inú ìlẹ̀kẹ̀ ń dáàbò bo eyín bí ìlẹ̀kẹ̀ bá dúró, ìdáhùn wọn sí ìyẹn sì fúnni nírètí. Ìbéèrè òbí kọ́ nìyẹn. Ohun tí òbí ń béèrè ni pé, bí ẹ bá lẹ nǹkan yìí mọ́ eyín ọmọ mi lónìí, báwo ni eyín rẹ̀ yóò ṣe rí ní ọdún méjì sí i? Láti dáhùn ìyẹn, àfi kí a ka gbogbo ọmọ tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ lára, àti èyí tí tirẹ̀ dúró, àti èyí tí tirẹ̀ já lóṣù kẹta, àti èyí tí tirẹ̀ já ní ọ̀sẹ̀ tó ku díẹ̀ kí ọdún méjì pé. Ó ṣeé ṣe kí oṣù díẹ̀ ti ṣe ọmọ ní oore tó pọ̀. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn ọmọ tí ìlẹ̀kẹ̀ wọn tètè ń já, bóyá nítorí pé eyín wọn kò tíì yọ tán tàbí nítorí pé a kò lè mú kí ẹnu wọn gbẹ tó nígbà tí à ń lẹ̀ ẹ́, ni àwọn gan-an tí eyín wọn yóò kọ́kọ́ jẹrà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn 63 tí a kà jẹ́ àwọn olóríire tẹ́lẹ̀. Kò sí ọ̀nà tí a lè gbà mọ èyí láti inú ohun tó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìdánwò kan tí a bá ṣe dáadáa yóò sọ ọ́ fún wa.

3. Àjọ Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkó gbogbo ìwádìí lórí ìtọ́jú kan jọ kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, gbé ìgbéléwọ̀n jáde lórí ọ̀ràn yìí ní ọdún 2006, wọ́n tún un ṣe ní 2014, wọ́n sì tún un ṣe ní 2018. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n lọ sọ́jà, ọjà kan náà ni wọ́n bá níbẹ̀: ìdánwò kan ṣoṣo, àwọn ọmọ 63 kan náà, ẹ̀rí tí kò lágbára. Ìpinnu tí wọ́n ṣe tọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ di àpò owó mú ni mo fẹ́ bi léèrè pé, láàárín 2006 sí 2018, nígbà tí wọ́n ń tún un sọ pé ẹ̀rí kò tó, ta ni nínú yín tó ka gbólóhùn yẹn sí ìpè síṣẹ́? Ẹ̀yin kà á sí ìdájọ́, ẹ sì ti ìwé náà pa.

4. Ẹ lè sọ pé ìṣòro náà kò tóbi tó láti náwó lé e lórí. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2022 lórí ìlera ẹnu, wọ́n fojú bù ú pé àwọn ọmọdé tó tó mílíọ̀nù 514 ni eyín ìgbà èwe wọn ń jẹrà, àwọn ènìyàn tó sì tó bílíọ̀nù méjì ni eyín wọn tí a kì í pààrọ̀ ń jẹrà. Ọmọ tí eyín ń ro kì í sùn, kì í jẹun dáadáa, kì í sì í lè fọkàn sí ẹ̀kọ́. Mi ò rò pé ó yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé èyí fún ìgbìmọ̀ tó ní ọ̀rọ̀ eyín ọmọdé nínú orúkọ rẹ̀.

5. Ẹnì kan nínú yín, tí mo bá sọ̀rọ̀ lójúkojú kí ìwé yín tó dé, sọ fún mi pé ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlóráìdì ti tó, pé Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá fi í sínú àkójọ àwọn oògùn kòṣeémánìí ní ọdún 2021, wọn kò sì fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i. Òótọ́ ni, wọn kò sì jẹ̀bi, nítorí pé ẹ̀rí ni wọ́n fi ń kọ àkójọ náà. Inú mi tilẹ̀ dùn sí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n lo ọṣẹ tí fúlóráìdì rẹ̀ jẹ́ 1,000 sí 1,500 nínú mílíọ̀nù kan, kí wọ́n lò ó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí wọ́n sì dín ohun dídùn kù. Ẹnikẹ́ni tó bá lérò pé ìlẹ̀kẹ̀ yóò gba ipò ìyẹn, ọ̀rọ̀ mi kò yé e. Ohun tí mo ń sọ ni pé mílíọ̀nù 514 yẹn wà láyé kan náà tí ọṣẹ ìfọyín wà, àwọn ọmọ kan sì wà tí ọṣẹ kò dé ẹnu wọn déédéé, àwọn mìíràn tí àìlera ara tàbí ti ọpọlọ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè fọ eyín fún wọn láìsí ìjà. Àwọn wọ̀nyí ni mo ń wò lójú nígbà tí a kọ ìwé ìbéèrè wa.

6. Ẹ̀bi kò sí lọ́dọ̀ yín nìkan. Àwọn kan wà lágbo àwa náà tí wọ́n máa ń dárúkọ ìdá 67 níbi ìpàdé láìdárúkọ 63. Wọ́n ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ fún wa, mo sì ti sọ ọ́ fún wọn.

7. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ yín nìyí. Ẹ náwó sórí ìdánwò kan tí yóò wáyé ní ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fún ọdún méjì ó kéré tán, tí a ó fi kèké pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì, tí àwọn tó ń yẹ eyín wò kò sì ní í mọ ẹni tó gba èwo. Gbogbo ọmọ tó bá wọlé ni kí a kà jáde, yálà ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ dúró tàbí kò dúró, kí a sì kọ oṣù tí tirẹ̀ já bọ́ sílẹ̀. Kí àwọn ọmọ tó wà ní apá kejì máa gba ìtọ́jú tó dára jù tó wà lónìí, ìyẹn ọṣẹ ìfọyín àti fúlóráìdì tí à ń kùn sí eyín, nítorí pé kò bójú mu kí a fi ọmọ sílẹ̀ láìtọ́jú kí ìlẹ̀kẹ̀ lè rí ẹni tó máa borí.

8. Kí ìdúró ìlẹ̀kẹ̀ lára eyín di ohun tí a ń wọ̀n fúnra rẹ̀ kí ìdánwò ńlá tó bẹ̀rẹ̀. Ìṣòro ìlẹ̀mọ́ ni, àwọn tó ń tò eyín ọmọdé sì ti ń fi ìlẹ̀mọ́ ṣiṣẹ́ lórí eyín láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ kọ́kọ́ náwó kékeré sórí èyí. Bí a kò bá rí ọ̀nà tí púpọ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ náà yóò fi dúró fún ọdún kan, ẹ dá owó tó kù dúró, èmi gan-an ni yóò kọ́kọ́ sọ pé ẹ ṣe dáadáa.

9. Kí a kọ gbogbo ìpalára sílẹ̀: ọmọ tó gbé ìlẹ̀kẹ̀ mì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó ń ha, ìdọ̀tí tó ń kó jọ yí i ká. Kí a tún máa wo eyín àwọn ọmọ tó kéré fún àbàwọ́n tí fúlóráìdì tó bá pọ̀ jù máa ń fà nígbà tí eyín ṣì ń dàgbà nínú egungun. Ìlẹ̀kẹ̀ ń tú díẹ̀ sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ a gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ọṣẹ àti ti omi mímu, pàápàá níbi tí fúlóráìdì inú omi ti ga ju ìwọ̀n mílígíráàmù 1.5 nínú lítà kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe gbèdéke.

10. Kí ẹ tẹ àbájáde náà jáde bó bá jẹ́ pé ìlẹ̀kẹ̀ kò wúlò, pẹ̀lú ìwọ̀n ariwo kan náà tí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́ bó bá wúlò.

11. Bí ẹ kò bá ní í ṣe ìkankan nínú àwọn wọ̀nyí, ẹ kọ ọ́ sí gbangba pé ẹ kò fẹ́ ná owó sórí rẹ̀, kí ẹ sì sọ ìdí tòótọ́, ì báà jẹ́ owó, ì báà jẹ́ pé ẹ rò pé ọ̀nà mìíràn sàn jù. A lè bá ìdí bẹ́ẹ̀ jiyàn, ẹlòmíràn sì lè lọ wá owó níbòmíràn. Ìdáhùn pé ẹ̀rí kò tó kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

A ó tún fi ìwé ìbéèrè wa ránṣẹ́ sí yín ní ìpele tó ń bọ̀. Nígbà tí a padà kà á lẹ́yìn ìdáhùn yín, a rí i pé àwa náà kò kọ bí a ó ṣe ka àwọn ọmọ tí ìlẹ̀kẹ̀ wọn bá já bọ́ sínú rẹ̀ ní kíkún. Ìlà méjì péré la kọ, ó sì fara sin sí ẹ̀yìn ìwé. A ti gbé e wá sí ojú ewé kìíní báyìí, a sì ti fi iye ọmọ tí a ń retí pé tiwọn yóò já bọ́ síbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kíkà.

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú eyín ọmọdé tí ẹ kọ̀wé sí